Òfin Ìwakùsà Wà, Òkú Ṣì Ń Sùn: Ta Ló Ń Pe Ọ̀gá Wolé-Wolé Lórí Fóònù?

Omi Ọ̀ṣun tó ń ṣàn gba igbó òòṣà kọjá ní Òṣogbo ti pọ́n láti bí ọdún mélòó kan. Kì í ṣe Òṣogbo ni wọ́n ti ń wa góòlù tí wọ́n ní ó fà á. Apá Ìjẹ̀ṣà lọ́hùn-ún ni, ní Iléṣà, ní Atákúnmọ́sà àti àwọn oko tó yí wọn ká, àmọ́ odò kò mọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ṣàn dànù lókè, ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀. Ní ọdún 2021, Urban Alert, ẹgbẹ́ aráàlú kan tó fi Òṣogbo ṣe ibùjókòó, gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò. Èsì tó jáde sọ pé òjé, mákúrì àti àwọn májèlé mìíràn wà nínú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n. Nígbà tó di ọdún Ọ̀ṣun ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fáwọn olùsìn pé kí wọ́n má mu ún. Àwọn kan gbọ́. Àwọn kan ní omi Yèyé kì í pa ọmọ rẹ̀, wọ́n bù ú mu.

Bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí rédíò láàárọ̀, ẹni tó pe láti Òkè-Fìà àti ẹni tó pe láti Ayétòrò á jọ sọ ohun kan náà: ìjọba ò ṣòfin. Ẹ jọ̀ọ́, ìjọba ṣòfin. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 wà níbẹ̀, ó nípọn dáadáa, ó sọ ti odò, ó sọ ti ilẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe lẹ́yìn iṣẹ́, ó sọ ti ẹ̀mí òṣìṣẹ́. Ohun tó yẹ ká máa bi ara wa ni ìdí tí ẹni tí òfin gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ kì í fi í rí kòtò tì pa, tàbí tó bá tì í lónìí, tí wọ́n fi ń ṣí i lọ́la.

Ọ̀nà èédú ni mo fẹ́ gbà wọ ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe èédú igi táwọn ìyá wa fi ń yan àgbàdo o. Èyí tí wọ́n ń wà lábẹ́ ilẹ̀ ni mò ń sọ. Góòlù ló ń dà wá láàmú l'Ọ́ṣun, àmọ́ ìwà tó ń pa èèyàn nínú kòtò góòlù, òun náà ló ń pa wọ́n nínú kòtò èédú, ìyàtọ̀ ibẹ̀ kàn ni pé ti èédú ti di ohun tí ilé ẹjọ́ àti ìgbìmọ̀ olùwádìí tú dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Tiwa kò tíì dé ibẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2010, kòtò èédú kan tí wọ́n ń pè ní Upper Big Branch bú gbàù ní ìpínlẹ̀ West Virginia, l'Amẹ́ríkà. Awakùsà 29 ló kú. Ilé-iṣẹ́ Massey Energy ló ni kòtò náà, Don Blankenship sì ni ọ̀gá àgbà wọn.

Bí èédú ṣe ń pa èèyàn kò le láti lóye. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ń gé e, gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní methane ń tú jáde. Gáàsì yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ìṣáná kékeré ló ń wá. Tí eyín ẹ̀rọ bá ha òkúta tó ta iná pàrà, ó gbiná nìyẹn. Ìyẹn nìkan lè pa èèyàn mélòó kan. Àmọ́ tí eruku èédú bá wà nílẹ̀, lára ògiri àti lára àjà, iná á ràn mọ́ eruku, á sì gba ojú ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan dé òmíràn kí ẹnikẹ́ni tó rí ibi sá sí. Ìdí nìyí tí òfin fi ní kí wọ́n máa fẹ́ atẹ́gùn tó tó wọ inú kòtò, kí omi máa tú sí ojú ibi tí ẹ̀rọ ti ń gé, kí wọ́n sì máa da ìyẹ̀fun òkúta ẹfun lé eruku èédú lórí kó má bàa lè jó. Àwọn olùwádìí rí i pé ní Upper Big Branch, eyín ẹ̀rọ ti kú, àwọn ojú ibi tí omi ń gbà tú kò pé mọ́, atẹ́gùn kò tó, ìyẹ̀fun òkúta kò tó. Kò sí àdììtú kankan níbẹ̀. Ohun tí àwọn awakùsà ti mọ̀ láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni.

Ẹ má sì sọ pé wọn ò yẹ ibẹ̀ wò. Òfin Amẹ́ríkà ní kí àwọn òṣìṣẹ́ MSHA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò ìwakùsà, yẹ gbogbo kòtò abẹ́ ilẹ̀ wò tinú-tòde lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. Ní 2009 nìkan, ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n kọ fún kòtò kan ṣoṣo yìí lé ní 500. Ẹ tún un kà: ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Wọ́n á ti apá kan pa, wọ́n á tún un ṣe díẹ̀, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀.

Báwo ló ṣe ṣeé ṣe?

Èkíní, ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè. Tí ọkọ̀ àwọn olùyẹ̀wò bá ti yọ, ẹ̀ṣọ́ á fi rédíò ọwọ́ kéde rẹ̀, ìròyìn á dé ìsàlẹ̀ kòtò kí àlejò tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà nílùú wa mọ ìwà yìí. Tí wolé-wolé bá yọ ní ìkángun àdúgbò, ọmọdé á ti sáré wọlé wá wí, wọ́n á da omi àmù tí tanwíjí wà nínú rẹ̀ nù, wọ́n á gbá ẹ̀yìnkùlé, nígbà tí wolé-wolé bá fi máa kan ilẹ̀kùn, ilé ti mọ́ tónítóní. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé l'Amẹ́ríkà, ẹ̀ṣẹ̀ gbáà ni kéèyàn kéde wolé-wolé ìwakùsà ṣáájú. Wọ́n ṣe é náà.

Èkejì, ìwé méjì. Ewu táwọn òṣìṣẹ́ bá rí, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí àwọn ọ̀gá fi ń mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ìwé tí òfin ní kí olùyẹ̀wò kà, wọn kò kọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù, nítorí pé kò rú òfin kankan. Lẹ́yìn tí awakùsà 12 kú ní kòtò Sago ní oṣù Kìíní ọdún 2006, West Virginia yìí kan náà, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà fi kún owó ìtanràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ èédú bá gbé lọ́yà dìde. Ìwé ẹ̀sùn yòówù tí wọ́n bá kọ fún wọn, wọ́n á ta kò ó. Tí ẹjọ́ kò bá tíì parí, owó kò tíì di sísan. Nígbà tó fi máa di 2010, ẹjọ́ bí 16,000 ló ti kó jọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin ọdún 1977 ti fún MSHA ní ọ̀pá kan tó wúwo: kòtò tó bá sọ ẹ̀ṣẹ̀ dàṣà, wọ́n lè máa kó òṣìṣẹ́ jáde níbẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá tún rí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá mìíràn, títí ọrùn onítọ̀hún á fi rọ̀. Àmọ́ ìlànà tí wọ́n là sílẹ̀ ní ẹ̀sùn tí ẹjọ́ rẹ̀ ti parí nìkan ni wọ́n lè kà mọ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó bá wá ta ko gbogbo ẹ̀sùn, kò ní ẹ̀sùn kankan lọ́rùn nìyẹn. Ní ọgbọ̀n ọdún ó lé, ọ̀pá yẹn kò balẹ̀ lára ilé-iṣẹ́ kankan. Ọdún 2013, lẹ́yìn tí wọ́n ti sin àwọn 29 tán, ni wọ́n tó yí ìlànà náà padà.

Ta ló fẹ́ kí ìlànà rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá? Níbí ni òṣèlú ti wọlé. Ààrẹ ló ń yan olórí MSHA. Nígbà ìjọba George W. Bush, àwọn tó ti ṣe ọ̀gá nílé-iṣẹ́ èédú ló gbé síbẹ̀ ṣáá. Ọ̀kan nínú wọn, Richard Stickler, àwọn sẹ́nétọ̀ kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Bush dúró di ìgbà tí ilé lọ sí ìsinmi ní 2006, ó sì yàn án láìsí ìbò wọn. Mi ò sọ pé ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí nínú kòtò kò lè ṣọ́ kòtò. Ó lè mọ iṣẹ́ náà ju akọ̀wé lọ. Àmọ́ tí gbogbo ẹni tí wọ́n ń gbé wá bá ti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣọ́ wá, òṣìṣẹ́ kékeré tó wà nínú òtútù West Virginia mọ ibi tí ọ̀gá òun dojú kọ.

Ní ti Blankenship, kò fi ọ̀rọ̀ náà bò rárá. Ìbò ni wọ́n fi ń yan adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní West Virginia. Ní 2004, nígbà tí ilé ẹjọ́ ti ní kí Massey san 50 mílíọ̀nù dọ́là fún ilé-iṣẹ́ kan tó pè é lẹ́jọ́, tí Massey sì fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, Blankenship ná mílíọ̀nù 3 dọ́là láti lé adájọ́ kan lọ kí ẹlòmíràn lè wọlé. Ẹni tí Blankenship fẹ́ ló sì wọlé. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé iwájú wọn, adájọ́ tuntun yìí jókòó síbẹ̀, wọ́n fi ìbò 3 sí 2 dá Massey láre. Ó di 2009 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní gbogbo Amẹ́ríkà tó sọ, pẹ̀lú ìbò 5 sí 4, pé kò yẹ kó jókòó níbẹ̀. Àwa tí a mọ ohun tí wọ́n ń pè ní bàbá ìsàlẹ̀ ò nílò ògbufọ̀ fún ìtàn yìí.

Ẹ gbọ́ bí ìdájọ́ ṣe parí. Olórí ẹ̀ṣọ́ kòtò náà purọ́ fún àwọn olùwádìí, ó sì fẹ́ kí wọ́n kó àwọn ìwé kan dànù. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni wọ́n jù ú sí. Blankenship fúnra rẹ̀, ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní oṣù Kejìlá ọdún 2015 pé ó lẹ̀dí àpò pọ̀ láti rú òfin ààbò ìwakùsà. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan àti owó ìtanràn 250,000 dọ́là ni ti ẹ̀, nítorí pé ọdún kan lòfin náà fàyè gbà fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ rú u. Ẹ̀sùn pé ó tan àwọn onípìn-ín ilé-iṣẹ́ jẹ, èyí tí ìyà rẹ̀ pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì, wọ́n ní kò jẹ̀bi rẹ̀. Ní 2018, ó ti jáde, ó sì ń polongo ìbò láti di sẹ́nétọ̀. Ó fìdí rẹmi nínú ìbò abẹ́lé.

Àwọn òṣìṣẹ́ kòtò náà ńkọ́, ṣé wọn ò lẹ́nu ni? Ẹbí àwọn tó kú sọ níwájú àwọn aṣòfin pé àwọn èèyàn wọn mọ̀ pé kòtò náà kò dáa, wọ́n ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé wọn. Kòtò yìí kò ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Níbi tí ẹgbẹ́ bá wà, aṣojú òṣìṣẹ́ á bá olùyẹ̀wò rìn, á máa tọ́ka sí ibi tó bàjẹ́, ẹni kan ò sì ní lè torí ẹ̀ lé e láìsí ariwo. Níbi tí kò sí, olùyẹ̀wò nìkan ló ń rìn láàrin àwọn tó ń wolẹ̀.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2014, èèyàn 301 kú nínú kòtò èédú Soma ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ alátakò ti bẹ̀bẹ̀ pé kí ilé aṣòfin wádìí ìjàǹbá tó ń ṣẹlẹ̀ ní Soma. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba fi ìbò pa á. Ní New Zealand, nígbà tí kòtò Pike River pa èèyàn 29 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2010, olùyẹ̀wò méjì péré ni gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní fún ìwakùsà. Ṣáínà ni tiwọn yà mí lẹ́nu jù. Ní 2002, òkú tó sùn nínú kòtò èédú wọn lé ní 6,000. Nígbà tó di 2005, ìjọba pàṣẹ pé òṣìṣẹ́ ìjọba yòówù tó bá ní ìpín nínú kòtò èédú gbọ́dọ̀ yọwọ́ kíákíá. Ẹni tó yẹ kó ti kòtò pa ló ń pín èrè kòtò! Wọ́n ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún kòtò kéékèèké pa, wọ́n fi àwọn olóyè ìlú sẹ́wọ̀n, iye òkú sì já wálẹ̀ gan-an láti ìgbà náà.

Ó tó bẹ́ẹ̀ nípa ilẹ̀ òkèèrè.

Nílẹ̀ wa, Enúgu ni wọ́n ti kọ́kọ́ wa èédú, ní 1915. Ọkọ̀ ojú irin tó ń dúró ní Òṣogbo kó tó forí lé Òkè Ọya fi èédú ibẹ̀ rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọba òyìnbó ló ni kòtò, òun ló ni rélùwéè tó ń lo èédú, òun náà ló ni ọlọ́pàá. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, nígbà tí àwọn awakùsà Iva Valley ń jà fún owó wọn, tí ìjọba sì fẹ́ kó ohun ìbúgbàù kúrò ní kòtò kó má bàa bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ọlọ́pàá yìnbọn. Èèyàn 21 ló kú. Òyìnbó lọ, àmọ́ àṣà kí ẹnì kan jẹ́ olówó kòtò, kó tún jẹ́ olófin kòtò, kò bá wọn wọkọ̀.

Lábẹ́ òfin tí à ń lò báyìí, gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì abẹ́ ilẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ìwé òfin ọdún 1999 fi ìwakùsà sínú àtòjọ iṣẹ́ tí Àbújá nìkan lè ṣòfin lé lórí. Ọ́fíìsì kan ní Àbújá ló ń fún èèyàn ní ìwé àṣẹ, ẹ̀ka mìíràn níbẹ̀ ló ń yẹ kòtò wò. Gómìnà kò lè fúnni ní ìwé àṣẹ, kò lè gbà á padà. Ọba Iléṣà kò lè gbà á padà. Ìgbìmọ̀ kan wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí òfin 2007 dá sílẹ̀, tí aṣojú ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ń jókòó sí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni wọ́n ń gba mínísítà. Torí náà, bí ẹ bá gbé ẹjọ́ lọ sí Abẹ́rẹ́, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, wọ́n á ní Àbújá ló ni ín. Bí ẹ bá dé Àbújá, wọ́n á ní àwọn onílẹ̀ àti àwọn ọba ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn awakùsà tí kò níwèé. Òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti máa sọ ọ́ títí.

Àwọn olóṣèlú fúnra wọn ò fi pamọ́ mọ́. Dele Alake, tó di mínísítà ohun àlùmọ́ọ́nì ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ti sọ ní gbangba pé àwọn èèyàn ńlá ló wà lẹ́yìn ìwakùsà àìgbàṣẹ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Sẹ́nétọ̀ Adams Oshiomhole sọ ọ́ nílé aṣòfin pé àwọn ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì wà nínú rẹ̀. Èmi ò tíì rí orúkọ kan tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ìjọba dá ẹ̀ṣọ́ ìwakùsà sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn òṣìṣẹ́ Sífú Dìfẹ́ǹsì tó lé ní 2,000, tí wọ́n ń pè ní Mining Marshals. Wọ́n ti mú èèyàn, wọ́n sì ti gbé wọn lọ ilé ẹjọ́. Àmọ́ ẹ wo àwòrán tí wọ́n máa ń gbé jáde: àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹ́rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ṣọ́bìrì nílẹ̀ níwájú wọn. Ẹni tó ra ṣọ́bìrì kì í sí nínú àwòrán.

Ibí yìí ni tiwa ti yàtọ̀ sí ti West Virginia. Tiwọn, kòtò wà nínú ìwé, wolé-wolé mọ ọ̀nà ibẹ̀, owó ló so ó lọ́wọ́. Tiwa, ọ̀pọ̀ kòtò ni kò sí nínú ìwé kankan. Kòtò tí kò sí nínú ìwé, ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún? Ní Zamfara, ìgbà tí àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í kú wìtìwìtì ní 2010 layé tó mọ̀ pé àwọn ará abúlé ń lọ òkúta góòlù tí òjé wà nínú rẹ̀ láàrin ilé wọn. Àwọn ọmọ tó kú lé ní 400. Ní Bódìjà, n'Íbàdàn, ohun ìbúgbàù tó fọ́ ilé ká ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024 pa èèyàn márùn-ún. Gómìnà Makinde sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó o pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Bódìjà! Kò sí kòtò kankan nítòsí.

Àwọn tó ní kí wọ́n lé gbogbo awakùsà kúrò l'Ọ́ṣun lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ yín, inú ń bí èmi náà. Ìjọba ti gbìyànjú irú ẹ̀ ní Zamfara ní 2019, wọ́n fòfin de ìwakùsà níbẹ̀ pátápátá. Ìwakùsà ò dúró. Ẹni tó ní ìbọn ń bá a lọ, ẹni tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ ló jókòó.

Ohun kan ti ń yí padà díẹ̀, òun sì ni orúkọ. Láti 2023, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, CAC, ti ní ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó fi ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ gan-an hàn, kì í ṣe ọmọọ̀ṣẹ́ tó fọwọ́ síwèé. NEITI, àjọ ìjọba tó ń tọpinpin owó epo rọ̀bì àti ohun àlùmọ́ọ́nì, náà ní irú rẹ̀ fún iṣẹ́ méjèèjì, láti ìparí 2019. Ọ́fíìsì tó ń fúnni níwèé àṣẹ ìwakùsà ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ tí ẹ máa rí níbẹ̀ lè jẹ́ ti àna olóyè kan tàbí ti dírébà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju òfìfo lọ.

Èyí tó sún mọ́ wa jù kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Abala 116 òfin 2007 sọ pé ilé-iṣẹ́ tó níwèé àṣẹ gbọ́dọ̀ bá agbègbè tó fẹ́ wà ṣe àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ àyíká sì jẹ́ ara ohun tí àdéhùn náà lè gbà. Ẹnì kan ló bu ọwọ́ lùwé yẹn lórúkọ abúlé. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú àpótí ẹnì kan ní apá Ìjẹ̀ṣà, ó sì yẹ kí àwọn tó ń mu omi ní ìsàlẹ̀ odò, títí kan àwa tí a wà l'Óṣogbo, ní kí wọ́n gbé e síta ká jọ kà á.